Bí iná ọkọ̀ bá ń ṣe ségesège: ẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ fura sí

Àwọn àgbà ló sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ iná ara ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn lóru kì í ṣe ewu fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ nìkan, ewu ni fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò ní í rí i àfìgbà tó bá ti sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tó bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dúró pátápátá, yóò ti rìn ju mítà 70 lọ, bí bíréèkì rẹ̀ tilẹ̀ dára, tí ojú ọ̀nà sì gbẹ. Ẹni tó bá wá jẹ́ pé ìgbà tó ku mítà 40 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tírélà tí kò taná níwájú, ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún un. Ìdí nìyí tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, fi ka àìsí iná tó péye lára ọkọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìrìnnà.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kì í fẹ́ rú òfin yìí, àmọ́ tí iná ọkọ̀ wọn kàn ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n á ra gílóòbù tuntun, iná yóò tún ṣú. Wọ́n á pààrọ̀ bátìrì, ìṣòro kò ní í lọ. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ra alternator, wọ́n á ná owó tabua, síbẹ̀ iná iwájú yóò máa ràn bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ẹ́ tán. Nígbà tí rewáyà tó mọṣẹ́ bá wá dé ìdí ọ̀rọ̀, ohun tí yóò bá níbẹ̀ kò ju wáyà dúdú kékeré kan tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà lọ. Ẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ń pe ibi tí wọ́n ti so wáyà náà mọ́ ara ọkọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí.

Ohun tí ẹ́ẹ̀tì jẹ́

Bátìrì ọkọ̀ kéékèèké ní ihò mẹ́fà. Ihò kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóòtì 2.1 jáde, àpapọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ fóòtì 12.6 nígbà tí bátìrì bá kún dáadáa. Orí méjì ló ní, pọ́sítífù tó ní àmì (+) àti négétífù tó ní àmì (–). Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n rò pé bí iná bá ti jáde láti orí pọ́sítífù, tó dé inú gílóòbù, iṣẹ́ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ jáde nílé, kó ṣiṣẹ́, kó sì padà sílé. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, àlọ pàápàá kò ní í ṣeé ṣe.

Nínú ilé, wáyà kan ń gbé iná lọ, wáyà mìíràn ń gbé e bọ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò fẹ́ ìnáwó wáyà méjì méjì yẹn, nítorí náà wọ́n sọ irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ di ọ̀nà àbọ̀. Okùn wáyà ńlá kan ló so orí négétífù bátìrì mọ́ irin ara ọkọ̀, òmíràn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni gílóòbù kọ̀ọ̀kan, tàbí àwọn gílóòbù tó wà ní ìhà kan, ní wáyà kékeré tiwọn tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin tó wà nítòsí. Dúdú ni àwọ̀ wáyà yìí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lára ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì, àwọ̀ búráwùn ló máa ń ní, nígbà tí Toyota máa ń lo funfun tó ní ìlà dúdú.

Ilẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Rọ́bà ni táyà ọkọ̀, iná bátìrì kò sì ní í ti ara rẹ̀ wọlẹ̀. Ara ọkọ̀ gan-an ni ilẹ̀ tí wọ́n ń wí.

Ìgbà kan wà tí kì í ṣe négétífù ni gbogbo ọkọ̀ ń so mọ́ ara. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà àtijọ́, títí kan Morris Minor tí àwọn àgbà ṣì rántí, orí pọ́sítífù ni wọ́n ń so mọ́ irin. Àárín ọdún 1960 sí 1970 ni àṣà yẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Bákan náà, àwọn Volkswagen oníjàpá tó kọ́kọ́ jáde, fóòtì 6 ni iná wọn, kì í ṣe 12. Ẹni tó bá ń tún irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ara bátìrì rẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ìdí tí ìpẹtà díẹ̀ fi ń pa iná

Lọ́dún 1827 ni Georg Ohm, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ òfin kan jáde tí gbogbo rewáyà ń lò títí di òní, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí òfin náà sọ ni pé bí ìdènà bá ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà iná, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí yóò ṣòfò síbẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká mú gílóòbù iwájú tó jẹ́ wáàtì 55. Lórí fóòtì 12, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ nǹkan bí ámípíà 4.6. Bí ìpẹtà bá wá fi ìdènà tí kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá òòmù kan sí ìdí ẹ́ẹ̀tì, ìpẹtà yẹn nìkan yóò jẹ tó fóòtì 1.2. Gílóòbù tó yẹ kó rí fóòtì 12 yóò wá máa rí nǹkan bíi 10.8.

Ẹni tí kò mọ̀ lè sọ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló dín. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ gílóòbù olókùn-tín-ín-rín kì í dín ní déédéé pẹ̀lú fóòtì, ńṣe ló máa ń já lulẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí fóòtì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ni yóò lọ. Èyí ló fà á tí awakọ̀ kan á máa sọ pé ojú òun ti ń ṣú lóru, tí yóò sì lọ ra awò ojú, nígbà tó jẹ́ pé iná ọkọ̀ rẹ̀ ló ń ṣú.

Ohun tó ń ba ẹ́ẹ̀tì jẹ́

Èkíní ni iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Àpápá, Tin Can tàbí Kùtọnu wọlé ló ti lo ọdún púpọ̀ ní apá àríwá Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn á fọ́n sábẹ́ ọkọ̀, yóò wọ ìdí bóòtù, yóò sì máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ náà lè máa dán gbinrin lókè, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà. Ẹni tó bá tún ń gbé létí òkun l'Ékòó, bíi Lẹ́kì tàbí Badagry, atẹ́gùn tó ní iyọ̀ nínú kò ní í jẹ́ kí irin náà sinmi.

Èkejì ni ọ̀dà. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, tí panẹbítà tún ara rẹ̀ ṣe, tí wọ́n kun ún, ọ̀dà lè bo ibi tí ẹ́ẹ̀tì ti fara kan irin. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí iná ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu lẹ́yìn tó ti ọ̀dọ̀ panẹbítà dé, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta ni ìgbàgbé. Tí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láti tún un ṣe tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀, okùn wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ wà lára ohun tí mẹkáníìkì lè gbàgbé láti dá padà. Ẹ̀kẹrin ni kòtò ojú ọ̀nà tó ń tú bóòtù, ìkarùn-ún sì ni ẹ̀kún omi. Ọkọ̀ tí omi bá ti mù dé ìjókòó, bó tilẹ̀ gbẹ tán, ìdí àwọn wáyà rẹ̀ yóò máa dípẹtà fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àmì tí a fi ń dá a mọ̀

Bó bá jẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo ni kò tàn, tí àwọn yòókù tàn, ó ṣeé ṣe kí gílóòbù náà ti jó. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n wo okùn tín-ín-rín inú rẹ̀. Bí okùn náà kò bá já, ìṣòro wà ní ojú ibi tí wọ́n ń ki í bọ̀ tàbí ní ẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Bó bá jẹ́ gbogbo iná ìhà kan ló ṣú tàbí tó ràn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí ti ìhà kejì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ́ẹ̀tì ìhà yẹn ni kí wọ́n fura sí. Lára àwọn ọkọ̀ kan, fíúsì ọ̀tọ̀ ló wà fún iná ọ̀tún àti ti òsì, nítorí náà kí wọ́n wo òun náà. Àmọ́ ohun kan wà tí fíúsì kò lè ṣe: fíúsì tó bá já yóò pa iná pátápátá ni, kò ní í jẹ́ kó máa ràn bàìbàì.

Àmì tó dájú jù lọ ni ìgbà tí iná bá ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, tírafikétọ̀ ń tàn díẹ̀díẹ̀. Ó tan tírafikétọ̀, iná ẹ̀yìn ń bá a ṣẹ́jú. Ó taná alẹ́, iná rìfáàsì ń yọjú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé iná tó yẹ kó gba ẹ́ẹ̀tì padà sílé ti rí i pé ọ̀nà dí, ó wá gba inú gílóòbù mìíràn kọjá kó lè rí ọ̀nà mìíràn lọ. Gílóòbù iná ẹ̀yìn lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní okùn méjì nínú, wáàtì 5 fún iná alẹ́ àti wáàtì 21 fún bíréèkì, ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì jọ ń lò. Tí ẹ́ẹ̀tì yẹn bá ti bàjẹ́, iná bíréèkì á gba ojú okùn iná alẹ́ padà, yóò sì di ìdàrúdàpọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní í mọ̀ bóyá ọkọ̀ iwájú fẹ́ẹ́ dúró ni tàbí ó fẹ́ẹ́ yà.

Bí tírafikétọ̀ bá ń ṣẹ́jú kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà gílóòbù kan ló ti jó ní ìhà yẹn. Bí iná bá ń paná tó sì ń tàn nígbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò, wáyà kan ló tú níbì kan. Bí ó bá ń mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, tó sì ń ṣú nígbà tó bá rọlẹ̀, kí wọ́n wo alternator àti bẹ́líìtì rẹ̀. Bí gílóòbù bá sì ń jó léraléra, bóyá alternator ń mú fóòtì tó pọ̀ jù jáde, tàbí ẹni tó fi gílóòbù halogen sí i fi ìka lásán kan dígí rẹ̀. Epo ara ìka yẹn máa ń mú kí dígí náà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lójú kan, yóò sì jó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Àmì kan tún wà tó léwu gan-an. Kíkì sítátà a máa gba ju 100 ámípíà lọ nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí okùn wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ kò bá sí mọ́, gbogbo iná yẹn yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà, ó sì lè gba inú okùn irin tó ń fa tìrótù tàbí ti jíà. Okùn tí wọn kò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́, ó tilẹ̀ lè gan mọ́ ojú kan. Awakọ̀ tó bá rí i pé okùn tìrótù òun ń gbóná tàbí ó ń yọ́ láìnídìí gbọ́dọ̀ wá ẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń wá ìṣòro náà rí

Irinṣẹ́ tí wọ́n nílò kò pọ̀: mítà tó ń ka fóòtì, wáyà gígùn kan tó nípọn díẹ̀, sípánà, sáńpépà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé ara wọn nìyí.

1. Kí wọ́n wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, tó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀. Fóòtì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún. Bó bá ti sún mọ́ 12.0, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ chájì rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5.

2. Kí wọ́n wo fíúsì. Àwọ̀ ló ń sọ agbára rẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ tó ń lo fíúsì pẹlẹbẹ: pupa jẹ́ ámípíà 10, búlúù jẹ́ 15, yẹ́lò jẹ́ 20, àwọ̀ ewé jẹ́ 30. Fíúsì tó bá já, ìdí kan ló fà á, kí wọ́n wá ìdí náà kí wọ́n tó fi òmíràn sí i.

3. Kí wọ́n tan iná tó ń yọnu náà, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ìgbà tí iná bá ń kọjá lójú ọ̀nà nìkan ni ìdènà ń fi ara rẹ̀ hàn. Wáyà tó jẹ́ pé fọ́nrán kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì já nínú rẹ̀ lè dà bí ẹni pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá tí wọ́n bá fi mítà wọ̀n ọ́n lásán, ṣùgbọ́n kò lè gbé iná iwájú.

4. Kí wọ́n fi ẹnu dúdú mítà kan orí négétífù bátìrì, kí wọ́n fi ẹnu pupa kan ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti jáde láti ara gílóòbù. Bí ọ̀nà bá mọ́, mítà kò gbọ́dọ̀ kà ju 0.1 tàbí 0.2 lọ. Bó bá ti tó 0.5 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ẹ̀tì ní àìsàn. Bó bá fi lè ka fóòtì 12 tí iná kò sì tàn, a jẹ́ pé ẹ́ẹ̀tì ti já pátápátá.

5. Bí ẹ́ẹ̀tì bá dára, kí wọ́n wọn ọ̀nà àlọ. Kí ẹnu pupa wà lórí pọ́sítífù bátìrì, kí ẹnu dúdú wà níbi tí wáyà iná ti wọ gílóòbù. Bí fóòtì tó ń sọnù níbẹ̀ bá pọ̀, súwíìṣì, riléè tàbí ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ ni ìṣòro wà.

6. Ẹni tí kò ní mítà lè fi wáyà gígùn so orí négétífù bátìrì mọ́ irin ìdí gílóòbù tàbí mọ́ wáyà dúdú rẹ̀. Bí iná bá mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Orí négétífù nìkan ni kí wọ́n lò fún èyí. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi orí pọ́sítífù ṣe é lè dáná sun wáyà.

Àtúnṣe tó ń pẹ́

Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, kí wọ́n sì yọ wáyà négétífù bátìrì ṣáájú. Òun náà ni wọ́n máa dá padà kẹ́yìn. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ń tú orí pọ́sítífù nígbà tí négétífù ṣì wà lójú ẹ̀, tí sípánà sì kan ara ọkọ̀, iná yóò ṣẹ́ yọ. Bátìrì tó ń gba chájì a máa mú afẹ́fẹ́ tó lè bú gbàmù jáde, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀.

Kí wọ́n tú bóòtù ẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n fi sáńpépà ha ojú irin àti orí wáyà títí wọn yóò fi máa dán, láìsí ọ̀dà, láìsí ìpẹtà. Bí orí wáyà bá ti jẹrà, kí wọ́n gé e kúrò, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Kí wọ́n dè é pinpin, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi gírísì tàbí fasilíìnì bo ìta rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Tí orí bátìrì bá ti hu ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé, kí wọ́n po sódà tí àwọn aṣekéèkì ń lò mọ́ omi gbígbóná, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí omi náà má wọ inú ihò bátìrì.

Ojú irin tí wọ́n máa so ó mọ́ náà ṣe pàtàkì. Irin tó jẹ́ ara ọkọ̀ gan-an ni kí wọ́n lò, kì í ṣe báńpà oníke, kì í sì í ṣe ìlẹ̀kùn tó jẹ́ pé ojú àgbékọ́ rẹ̀ nìkan ni iná lè gbà kọjá. Wáyà tí wọ́n bá fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí fíúsì bá já, wáyà lásán tàbí pépà fàdákà inú páálí sìgá ni wọ́n fi ń dí i. Àwọn mìíràn á fi ámípíà 30 síbi tí 10 wà tẹ́lẹ̀. Fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ tó ń kú kí ilé má baà jó. Ẹni tó bá mú un kúrò ti sọ wáyà ọkọ̀ rẹ̀ di fíúsì, bí ìjàǹbá bá sì dé, wáyà yẹn ni yóò jó, iná lè ràn mọ́ rọ́bà àti epo kí wọ́n tó rí omi bù.

Gílóòbù wáàtì 100 tí wọ́n ń tà pé ó mọ́lẹ̀ ju ti wáàtì 55 lọ náà ní ewu tirẹ̀. Ó ń fa ju ámípíà 8 lọ, nígbà tí wọ́n ṣe wáyà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fún nǹkan bí 5. Ooru rẹ̀ á yọ́ ike tí wọ́n ki í bọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì máa fọ́ ojú àwọn tó ń bọ̀ níwájú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò nídìí, nítorí pé ẹni tó bá tún ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe yóò rí i pé wáàtì 55 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó o lò.

Bákan náà, wáyà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé kì í pẹ́. Ooru inú bọ́nẹ́ẹ̀tì á tú téèpù náà, omi á wọlé, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀.

Tírélà àti ọkọ̀ ẹrù

Fóòtì 24 ni iná ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ńlá, bátìrì oní-12 méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn ló sì ń mú un wá. Bí orí tírélà bá fẹ́ fún apá ẹ̀yìn níná, wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì ló ń gbé e kọjá, ẹsẹ̀ kan nínú púlọ́ọ̀gì náà sì wà fún ẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé wáyà ẹ́ẹ̀tì yìí á já, iná á wá máa gba ibi tí irin orí ọkọ̀ ti so mọ́ irin ẹ̀yìn padà. Gírísì ló kún ibẹ̀, irin náà sì ń mì. Nítorí náà, iná ẹ̀yìn yóò máa tàn nígbà tí ọkọ̀ dúró sí gáréèjì, yóò sì máa kú nígbà tó bá ń lọ lójú pópó. Awakọ̀ kò ní í mọ̀, nítorí pé kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò san gbèsè náà. Wáyà ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó nípọn, láti púlọ́ọ̀gì dé ara àwọn iná ẹ̀yìn, ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọkọ̀ ìgbàlódé

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jáde láìpẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún iná. Tẹ́sítà onígílóòbù tí àwọn rewáyà àtijọ́ fẹ́ràn lè ba irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jẹ́ nítorí pé ó ń fa iná púpọ̀, mítà ló dára jù níbẹ̀. Wáyà yẹ́lò tó lọ sí eabag kò sì jẹ́ ti ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá yọ gílóòbù tírafikétọ̀ tó fi LED rọ́pò rẹ̀ lè rí i pé ó ń ṣẹ́jú kíákíá, bẹ́ẹ̀ gílóòbù kankan kò jó. Iná tí LED ń fà kéré débi tí ọkọ̀ fi rò pé gílóòbù kò sí níbẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà pàápàá ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, bó bá sì bàjẹ́, oríṣiríṣi iná ìkìlọ̀ á máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ bàjẹ́ rárá.

Àyẹ̀wò tó lè gba ẹ̀mí là kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí awakọ̀ tan gbogbo iná, kó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ po. Bí kò bá sí ẹni tó lè bá a tẹ bíréèkì, kó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjú sí ògiri, kó tẹ bíréèkì, kó sì wo bóyá ìmọ́lẹ̀ pupa méjì ló hàn lára ògiri náà, tí ọ̀kan kò sì ṣú ju èkejì lọ. Bí ọ̀kan bá ṣú jù, kó má sáré ra gílóòbù. Kó ṣí búùtù, kó wá wáyà dúdú tó jáde láti ìdí iná yẹn, kó tẹ̀ lé e dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ irin. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni yóò ti bá ohun tó ń wá, sáńpépà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló sì máa tán ọ̀rọ̀ náà.